Ẹ̀rọ Kẹrin Tí Ẹ Ní Kó Máa Sinmi

Baálé mi, ọdún méje pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ yín ṣì ń ṣí ní aago méje àárọ̀. Àkọ́bí wa obìnrin ti di olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Èmi náà ti mọ̀wé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ẹ̀rọ mẹ́rin lẹ fi sílẹ̀, ẹ ní kí mẹ́ta máa ṣiṣẹ́, kí ìkẹrin máa sinmi. Ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn yín tí àbúrò yín fi ní, "Ìyàwó wa, ṣé àlejò lẹ̀rọ yìí ni, tó kàn jókòó tí à ń wò ó?" Mo rẹ́rìn-ín, mo tan ẹ̀rọ náà. Mo gba oníbàárà tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kún. Bẹ́líìtì, okùn rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ, tí ẹ máa ń pààrọ̀ ní gbogbo ogójì ọjọ́, mo ní kò tíì gbó, mo fi sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bẹ́líìtì méjì já. Ìlà àwọn tó ń dúró dé ẹnu ọ̀nà télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí à ń fọṣọ fún ṣì wà nínú omi. Olórí nọ́ọ̀sì wá fúnra rẹ̀: "Màmá, a kì í fi 'ẹ pẹ̀lẹ́' tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn." Ó fún mi ní oṣù kan péré, bí kò bá yí padà, wọ́n á gbé iṣẹ́ wọn lọ. Iṣẹ́ yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù dúró.

Mo ti ń lọ ilé ìwé àgbà nígbà náà. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀: ọjọ́ tí bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan já, iye èèyàn tó wà lórí ìlà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mọ́kànlá. Àkọ́bí wa jókòó tì mí. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí bẹ́líìtì kan máa já, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún bẹ́líìtì, a lè mọ iye tí kò ní kọjá ogójì ọjọ́. Ó ní àwọn oníbàárà kì í bá ara wọn ṣàdéhùn: wákàtí kan á dá páropáro, ogún èèyàn á ya wọlé ní wákàtí kejì. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tó dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìlà kì í tán níbẹ̀. Ó kó àkọsílẹ̀ yín sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kó bá wa fi ẹgbẹ̀rún àárọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é, aṣọ ilé ìwòsàn pẹ́ ní igba àárọ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣe é, ọgbọ̀n péré.

Mo bẹ àwọn oníbàárà tuntun pé kí wọ́n wá ibòmíràn. Ojú tì mí. Mo pa ẹ̀rọ kẹrin, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ bẹ́líìtì ní ogójì ọjọ́. Àbúrò yín bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ìwòsàn kò lọ.

Bẹ́líìtì ìsinsìnyí kò lágbára bíi ti ìgbà yín. Mo fi ọdún mẹ́ta kọ ọjọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀, mo sì ti fa igi lé ogójì tí ẹ kọ sínú ìwé, mo kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wà ni, ẹ máa bá mi jiyàn, ẹ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó gbà. Ọmọ wa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dáa. Àbúrò yín kò tilẹ̀ wò ó. Iyàn yẹn ni mo ṣì ń retí láti ẹnu yín. Àárò yín ń sọ wá, baálé mi. A fẹ́ràn yín síbẹ̀.