Ẹsẹ Bíbélì Tí Mo Dá Dúró Láàárín

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Kemta,
                                                            Abẹ́òkúta.
                                                            13 Oṣù Kẹfà, 2024.

Àràmídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Báálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń san díẹ̀díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àkọ́bí rẹ ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ẹ kú oríire, Ọlọ́run yóò fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́. Ara gbogbo wa le níbí. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo sì ti kún ẹ̀bá ọ̀nà.

Ara ni mo ní ó le o. Ọkàn mi kò tíì padà sípò láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ, mo sì bẹ̀ ọ́, kà á dé ìparí kí o tó bá mi wí.

O rántí Bánkọ́lé àbúrò mi, èyí tí ìwọ àti èmi jọ máa ń pọ̀n nígbà kékeré rẹ̀. Ewékorò ló ń gbé báyìí, ó ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó sìmẹ́ńtì. Ọdún kọkànlá rèé tó fẹ́ Bùsírátù, ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ìyàwó ń kírun, ọkọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo wọn rí. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún kẹta sẹ́yìn, Bùsírátù ló tọ́jú mi ní ọsibítù títí mo fi lè dìde, kì í ṣe ọmọ ìyá mi kankan.

O sì mọ̀ pé èmi ni mò ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, ìwé Ẹ́sírà orí kẹwàá ló kàn wá. Òjò ti ṣú, mo fẹ́ kí a tètè tú ká. N kò ka orí tó ṣáájú, n kò wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn ọkùnrin lé àwọn àjòjì obìnrin tí wọ́n fi ṣe aya lọ ni mo bẹ́ lé. Mo ní bóyá ohun tó ń dí ìbùkún lọ́wọ́ nínú ilé ẹlòmíràn ni ẹni tí kò bá a sin Ọlọ́run rẹ̀, kí kálukú lọ yẹ ilé rẹ̀ wò. Wọ́n ṣe àmín, àmín náà sì dùn mọ́ mi. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, Bùsírátù kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Bánkọ́lé, tó gbé ẹrù wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà, ló yà wá jókòó sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, tó sì ń wá ìdí rẹ̀ kiri.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ìtòkú láti ra àdìrẹ. Bí mo ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji, mo rí àwọn ọmọ Bánkọ́lé méjèèjì lórí ẹní, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Mo rí àpótí aṣọ, mo rí ìkòkò, mo rí báàgì ilé ìwé wọn. Mo bi Bùsírátù bóyá ẹnìkan kú ni. Ó wò mí títí.

"Àǹtí Lydia, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Ó fa bébà kékeré kan yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó nà án sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bánkọ́lé ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹ́sírà orí kẹwàá, ẹsẹ kẹta àti ìkọkànlá. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ wa ní Ọjọ́rú."

Orí aṣọ títà tí wọ́n kó jọ ni mo jókòó lé láìtọrọ àyè. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì bóyá ojú mi ló ṣì í rí. Kò ṣì í rí.

Mo rò pé Alhaji yóò lé mi jáde. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Omi ló ní kí wọ́n gbé fún mi, ó sì dúró kí n mu ún tán. Ó wá sọ pé, "Wọ́n ní inú ìwé yín ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí mi létí."

Mo ṣí Bíbélì orí fóònù mi, mo kà á. Ó bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní kí n tún un wò dáadáa. Mo wò ó, mo rí i pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣekanáyà ló ń dá àbá náà fún Ẹ́sírà. Lóòótọ́, Ẹ́sírà gbà á, wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ ènìyàn, n kò sì kíyè sí orúkọ yẹn rí. Ẹni tí kì í ka ìwé náà ló fi hàn mí.

Alhaji ní, "Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, ibì kan wà tí aáfà fi kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bí o bá dánu dúró ní ìdajì rẹ̀, á dà bíi pé ègbé ni fún àwọn tó ń kírun. Ìgbà tí o bá kà á tán lo máa mọ̀ pé àwọn tó ń fi ìrun ṣe ṣekárími ló ń bá wí. Aáfà ní ẹni tó bá dúró láàárín, irọ́ ló pa mọ́ Ọlọ́run. Ṣé kò síbòmíràn nínú ìwé tiyín tó sọ̀rọ̀ irú ilé bíi ti ọmọ mi?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wò ó wá. Ìtìjú kò jẹ́ kí n lè wo ojú àwọn ọmọ yẹn bí mo ṣe ń jáde.

Mo délé, n kò dáná. Mo ka Ẹ́sírà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìjókòó kan, bí ènìyàn ṣe ń ka lẹ́tà. Mo wá rí i pé ìtàn àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹrú dé ni, tí ẹ̀rù ń bà pé àwọn yóò tún parẹ́. Mo ka Rúùtù, ọmọ Móábù, àjòjì obìnrin tó di ìyá ńlá Dáfídì. Mo wá ṣí Kọ́ríńtì kìíní, orí keje. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti wí pé bí arákùnrin kan bá ní aya tí kò gbàgbọ́, tí inú obìnrin náà sì dùn láti máa bá a gbé, kó má ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àràmídé, ìlà pẹ́ńsùlù pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fa ìlà náà. Mo ti fi orí yẹn kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó rí, n kò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́sírà rí lẹ́ẹ̀kan. Orí kẹwàá yẹn ṣì le lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ ní Ọjọ́rú kì í ṣe òun.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ mọ́tò lọ sí Ewékorò. Bánkọ́lé nìkan ló wà nílé, abọ́ àná wà nílẹ̀. Mo ní mo ti ṣì í kọ́ wọn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọjọ́rú ẹ ní Ọlọ́run sọ ọ́. Òní, ẹ ní kò sọ ọ́. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, nítorí òótọ́ ni. Mo ní kó má gba èyíkéyìí lẹ́nu mi mọ́, kó ka orí keje Kọ́ríńtì yẹn fúnra rẹ̀. Ó kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó má kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó padà síbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Ó tún un kà. Ó wá fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Wọ́n ń sunkún nígbà tí mo ń kó ẹrù wọn jáde."

Mọ́ńdè ló lọ sí Ìtòkú, èmi náà sì tẹ̀lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, ó bẹ Bùsírátù, ó sì fi ibi tó kà hàn án. Bùsírátù gba Bíbélì náà, ó rọra kà á tán. Ó ní, "Ìwé yín ní bí inú mi bá dùn láti bá yín gbé. Inú mi ò tíì dùn." Ó dá a padà fún un, ó sì lọ dá oníbàárà lóhùn.

Ọjọ́ méjìlá ni Bánkọ́lé fi ń ti ibi iṣẹ́ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà ní ìrọ̀lẹ́. Sátidé tó kọjá ni Bùsírátù kó àwọn ọmọ padà sí Ewékorò. Ó ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí Bánkọ́lé bá tún kà tó kan òun, kó pe òun kí àwọn jọ kà á. Bánkọ́lé ti so àgbò mọ́lẹ̀ fún Iléyá ọjọ́ Àìkú yìí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lánàá, mo dìde níwájú kíláàsì, mo sọ ohun tí mo ṣe láìfi ọ̀kan pa mọ́. Àwọn kan kùn pé olùkọ́ kì í tú àṣírí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Màmá Ògúnlọlá ṣì jókòó. Wọ́n ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin, wọn kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Wọ́n ní ọdún kọkànlélógún rèé tí olùkọ́ ìgbà náà fi ẹsẹ kan náà hàn wọ́n, wọ́n sì lé ìyàwó ọmọ wọn, Àlímátù, tòun ti oyún inú rẹ̀.

"Lydia, ta ni yóò ka èyí tó kù fún Àlímátù?"

Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé Òwódé ló wà, pé ó ń ta aṣọ òkìrìkà, ọmọ náà sì ti dàgbà. Àwa méjèèjì yóò lọ ní ọ̀tunla. N kò mọ ohun tí a ó bá níbẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn ni yóò tì mọ́ wa lójú. Bá wa gbàdúrà. Ìwọ náà sì ń kọ́ àwọn èwe ní Òṣogbo, nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo èyí sí ọ.

Bá mi kí báálé rẹ àti gbogbo ọmọ. Bùsírátù ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Lydia Ọyáyẹmí.