Koríko Tó Dojú Kọ Ọ̀run

Bàbá mi,

Ara mi le o, oúnjẹ sì pọ̀. Ẹ má tíì bi mí nípa ìdánwò. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Chemnitz níbí ní kí n lẹ koríko àtọwọ́dá mọ́ òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi pákó ṣe. Mo ti pinnu pé bí èyí náà bá bàjẹ́, ilé ni mò ń bọ̀.

Koríko tí mo lẹ̀ nà síta láti ara òkè náà. Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ tí Gernot, olórí wa, fi bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Husum, ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ! Ṣé koríko rẹ fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ni? Ọ̀run ni koríko ń dojú kọ, kì í ṣe èèyàn." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a sókè jẹ́jẹ́. Bàbá, pákó lásán di òkè lójú mi!

Ó ní, "Ìyókù di tìẹ."

Mo máa dúró. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé n ò sunkún mọ́.

Henrike