Mọ́nítọ̀ Tí Kò Lè Wọ Yàrá Mi

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Hameedah,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ibà yẹn ti fi yín sílẹ̀ pátápátá. Ara tèmi náà le, àfi òtútù tí kò jẹ́ kí ìka mi sinmi.

Ẹ bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ Alhaja Mìsítúrà lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Sydenham. Òótọ́ ni mo sọ pé ilé yìí dákẹ́ jù. Ìbátan bàbá wa ni wọ́n, wọn kò sì ṣe mí níkà rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dá jẹun nídìí tẹlifíṣọ̀n, èmi a gbé àwo tèmi lọ sí yàrá, nítorí wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ kì í jókòó máa wo àgbà lẹ́nu. Bí a bá ti kí ara wa tán, ó di ọjọ́ kejì.

Kọ̀ǹpútà ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí mo gbé wá láti ilé kò lè gbé àwòrán ilé tí à ń yà ní kíláàsì mọ́. Bí mo bá ti fi òrùlé lé e, á dúró gbagidi. Olùkọ́ wa ní kí n lọ ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi to èyí tó lágbára, tó ń gbé orí tábìlì.

Mo lọ bá Waris, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lókè ilé onídìrí kan ní Rye Lane. Ibí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Mo ti wọn tábìlì kékeré tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì mi àti ògiri, nítorí náà gbogbo ohun tí mo mú ló kéré: àpótí tó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fáànù tí kò pariwo, mọ́nítọ̀ tó ṣe rẹ́gí. Waris wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aunty, allow it!" Bí wọ́n ṣe ń ní kí èèyàn fi nǹkan sílẹ̀ níbí nìyẹn. "Ṣé ẹ fẹ́ lo computer yìí ni, àbí ẹ fẹ́ hide ẹ̀?"

Ó ní mẹ́mọ́rì tí mo mú kò tó ẹni tó ń yàwòrán, ó fi kún un. Lẹ́yìn náà ló tan mọ́nítọ̀ ńlá kan, ó ṣí iṣẹ́ mi sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ilé tí mo yà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò lè wọ yàrá mi. Ibì kan ṣoṣo tó lè gbà á ni tábìlì Alhaja ní pálọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ra kékeré, yàrá ni mo yàn nìyẹn, Sydenham ló sì kù. Waris ní, "Just ask her now. Kí ló le níbẹ̀?" Kò mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò tíì bi Alhaja ní nǹkan kan ju bóyá kí n pa iná lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ tọrọ apá kan lára tábìlì yín." Wọ́n dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Wọ́n ní, "Rahmah, ṣé kì í ṣe òórùn pánlá mi ló ń lé ọ lọ sí yàrá?" Mo ní rárá mà, ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ní, "Ọ̀wọ̀ burúkú! Èmi rò pé o ò fẹ́ràn mi ni." Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn wọn àti ìwé ìpolówó ọjà kúrò lórí tábìlì.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra mọ́nítọ̀ ńlá náà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà náà níbẹ̀, Waris kàn ń wò mí. Nígbà tí mo tàn án nílé, Alhaja na etí títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ó dákẹ́ bí ẹni tó rà á." Orí tábìlì kan náà la ti ń jẹun báyìí. N kò lọ sí Sydenham mọ́.

Kí Ọlọ́hun lọ́ra ẹ̀mí yín, kí ó má jẹ́ kí ohùn ọmọ ṣọ̀wọ́n nílé yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Rahmah.

Mo tún kọ èyí kún un: Mọ́nítọ̀ yìí tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Orí àga wọn ni Alhaja wà tí wọ́n fi ka gbogbo lẹ́tà yìí láìlo awò. Wọ́n ní kí n pa ibi tí mo ti sọ pé wọ́n ń dá jẹun rẹ́, pé àwọn kò dá jẹun rí, tẹlifíṣọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Mo ní, "Mà, n kò ní í pa á rẹ́."