Òkun Àwọn Ìyá Àgbà Ti Jí

Àǹtí mi ní Osaka,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní erékùṣù Jeju níbí. Orúnkún Màámi ti ń san, ọsàn wa sì ti ń pọ́n.

Ẹ ní kí n palẹ̀ ẹrù Ìyá Àgbà mọ́, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, torí òkun ti kú, kò sí ohun tí wọ́n lè rí kó níbẹ̀ mọ́. Àǹtí, wọn ò wá mọ́.

Ẹ rántí etí òkun tí kò jìn, tí a fi sílẹ̀ fún àwọn arúgbó òmùwẹ̀ bíi Ìyá Àgbà nìkan, kí wọ́n máa kó ìgbín òkun níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Myung àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ́ gbin koríko òkun tí ìgbín ń jẹ sí, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ fún ọdún méjì. Ìyá Àgbà fárígá, wọ́n bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé: "Ọmọ yìí, ọkọ́ wo lo fẹ́ fi kọ ebè lábẹ́ omi?" Ìgbà táwọn òmùwẹ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí ṣèlérí pé àwọn á máa bu nínú ohun táwọn bá kó fún àwọn àgbà ni wọ́n tó gbà.

Àná tí ọdún méjì pé la ṣí i. Koríko ti bo àpáta, ìgbín òkun sì ti padà. Ìyá Àgbà kó o kún àwọ̀n, wọ́n pariwo pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àgbẹ̀ inú omi, o kú iṣẹ́ o! Wá jẹun!" Yunifásítì ilẹ̀ mìíràn ti ń béèrè bí a ṣe ṣe é.

Ẹ má bínú, Àǹtí. Ayọ̀ ò ní tán nílé yín. Ìyá Àgbà ní kẹ́ ẹ wá kí àwọn nígbà ìkórè ọsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà gogoro wá. Àpáta wa ti ń yọ̀ padà.

Ọmọ yín,
Se-ran