Ọ̀já Tí Dókítà Dì Sínú Mi

Ìtùnúolúwa ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àbújá níbẹ̀, ìwọ àti Hezekiah ọkọ rẹ? Orúkọ yín ni mo fi ń jí lórí eékún. Iṣẹ́ ìjọba kò ní pa yín. Ní Ushafa níbí, àgbàdo ti yọmọ, ewúrẹ́ dúdú sì bí ìbejì.

Lẹ́tà ni mo kọ torí fóònù ti sú mi. Ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, inú mọ́tò lo máa ń wà, wàá ní kí n máa sọ̀rọ̀, ohùn mi á gba gbogbo mọ́tò kan, Hezekiah á sì máa kí mi láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé kí n wá máa ròyìn ìtọ̀ fún àna mi ni? Kí ló dé tí ẹ kò kúkú gbé e sétí?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn ni. Mi ò ní kò ṣiṣẹ́ o. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá sín, ìtọ̀ á jò, bí wọ́n bá ní ká hó fún Jésù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò jẹ́ hó. Dókítà ní òun fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró nínú mi, lóòótọ́ sì ni, mo sín lẹ́ẹ̀meje lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀kán kan kò jò. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jò mọ́ yẹn, kò fẹ́ jáde mọ́ náà! Màá jókòó sórí pó títí ẹsẹ̀ á fi kú.

Kí n tó kúrò lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Dára ní kí n lọ tọ̀. Mo tọ̀, mo dé. Ó gbé ẹ̀rọ kan lé mi níkùn, ó ní ìtọ̀ ṣì kù. Mo ní mo ti tọ̀ tán, ó ní ẹ̀rọ ní ó kù. Inú bí mi! Èmi tí mo ti ń tọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ẹ̀rọ tí kò tọ̀ rí ló ń pè mí ní òpùrọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ìtọ̀ ṣe tí màá fi máa tọ́jú ẹ̀ pamọ́?

Wọ́n ní kí n máa wọn ìtọ̀ nínú ike, kí n máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Dára sì ń pè mí láràárọ̀, á kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà, á béèrè ṣé ìtọ̀ ń jáde dáadáa. Ọmọlúàbí tó kí ni lówùúrọ̀, ṣé wàhálà lèèyàn fi ń dá a lóhùn? Mo ní a dúpẹ́. A dúpẹ́ náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ní inú dókítà dùn, kí n má tíì wá títí oṣù á fi parí.

Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un báyìí? Àbẹ̀kẹ́, láti àná, ó kàn ń kán tó, tó ni. Ikùn mi le gbagidi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìwọ náà ti pọnmọ rí, o mọ̀ pé ọ̀já tó bá le jù, títú là á tú u, ká tún un dì. Bá mi sọ fún dókítà kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Fún Àbdùlláhì ọlọ́kadà tó mú lẹ́tà yìí wá lówó epo, kí o sì mú owó tèmi náà dání. Má fi í sínú fóònù mi o, torí mi ò tíì rí ibi tó máa ń gbà jáde. Olúwa kò ní jẹ́ kí ohun tó yẹ kó jáde há sí ọ lára láéláé.

Ṣáà wá lónìí. Tí o bá dé, má kí mi rárá, gbé mi sínú mọ́tò. Tí o bá fi lè kí mi, a dúpẹ́ ni màá sọ.

Èmi ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró