Orúkọ Tó Wà Lára Ògiri

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí, nítorí ìròyìn inú rẹ̀ wúwo. Kò sí ata rodo ní gbogbo ọjà Modena. A ti gba kámú.

Ìrìn àjò ìhìnrere ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Turin dára púpọ̀. Ìyá tó ń ta wàràkàṣì lọ́jà gba ìwé ìhìnrere lọ́wọ́ wa, ó sì ní ká tọ́ ọjà òun wò. A tọ́ ọ wò títí ó fi tán.

Lẹ́yìn náà la lọ sí ilé ìrántí àwọn Júù àtàwọn mìíràn tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ ikú nígbà ogun Hitler. Orúkọ wọn kún ara ògiri. Bùrọ̀dá Olújùwọ́n, ọ̀kan nínú àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí a ti ń gba ìwé ìgbélùú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára ògiri ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ jáde.

"Signore, ta lẹ ń wá?" ni obìnrin tó ń mú wa káàkiri bi wọ́n.

"Ara mi ni."

Obìnrin náà rọra di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò sí níbẹ̀."

Èmi ò wá tèmi o. Mo kàn yẹ ibi lẹ́tà O wò ni.

Ẹ bá mi kí Dùnsìn àbúrò mi, ìyàwó ojú ọ̀nà. Ara mi le bí òkúta.

Ọmọ yín,
Victory Ọládùnjoyè

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ MÀMÁ VICTORY FÚN GBOGBO ẸBÍ: Kí ẹ yọ orúkọ Victory kúrò lára ìwé ìpè ìgbéyàwó Dùnsìn, níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé yóò dúró ní ipò bàbá wọn olóògbé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jáde, kò sì lè wálé.