Ojú Ló Ń Ṣáájú Ẹsẹ̀

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní àlùwàlá,

Ọjọ́ tí àyà mi bá já ni mo máa ń kọ̀wé sí yín. Ó ti já láti àná.

Ráfíù, ọmọ mi tí ẹ sọ lórúkọ, ti di ẹnjiníà. Òun ló ṣe táǹkì omi fún mọ́ṣáláṣí Òkè-Oyi. Ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè bí àrọ tí à ń fi rọ epo, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló gbé e dúró. Lánàá mo rí ìwé tó fi ṣírò omi inú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ta ewúrẹ́ kí n lè parí sẹ́kọ́ńdírì, ẹ mọ̀ pé mo kọ́ íńtígíréṣọ̀n díẹ̀, ìṣirò tí a fi ń ro nǹkan pọ̀ ní wẹ́wẹ́. Ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ìdajì ìbú rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kó tó wá ṣe íńtígíréṣọ̀n. Ó ṣe íńtígíréṣọ̀n ná, ó wá sọ èyí tó rí di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Níbi tó ti ka garawa mẹ́ta, mẹ́rin ló máa wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n garawa mẹ́ta ló sì gé irin ẹsẹ̀ rẹ̀ fún.

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Màámi, ẹ jẹ́ n jẹun. Ìwé ayé ìgbà wo lẹ fẹ́ fi kọ́ mi?”

Ṣé ẹ rántí? Torí ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Ẹ kì í bá mi wí. Ẹ máa da omi búútà mi nù ni, ẹ ó bu òmíràn, ẹ ó tọ́ka sí ojú mi. Gbogbo ara mi á ti tutù, síbẹ̀ àlùwàlá ò tíì sí. Kí ló dé tí mi ò kọ́ Ráfíù bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti ń rọmi sínú táǹkì náà láti àárọ̀. Ìyá oníṣu tó ti ibẹ̀ bọ̀ ní òun gbọ́ tí irin ń ké. Wọ́n ní oòrùn ni. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, Ráfíù fúnra rẹ̀ ló máa bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kó ṣí omi fún wọn.

Ọlọ́kadà ni mò ń dúró dè bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní bá a jiyàn mọ́. Mo máa da omi náà nù lójú gbogbo wọn, kó bínú.

Ṣùgbọ́n Bàbá, bó bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́run kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ dá a padà sí mi. Kò tíì kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń dá padà síbi ojú.